Ife Omi Àlejò ní Dúálà

Ẹ ṣeun, mo ti mu omi.

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìwó, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé, "Ìyá Kàmọ́rù, báwo ni ọ̀hún ti rí?", ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Bí mo bá ní kí n máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu mi á bó. Mo kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sì mọ̀ mí, n kì í sáré sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ gbé e kalẹ̀ ná kó tó wá jókòó.

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà dí yín létí. Wọ́n yẹ àpò mi wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò, mo wọ bàálù, mo di ojú, mo ń ṣe àdúà títí ó fi balẹ̀. Ó tán. Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, omi lásán. Nítorí ife omi kan, kékeré báyìí, ló fẹ́ wó ilé tí àbúrò mi ti ń kọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà á rántí Ráfíátù, ọmọ bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́. Bàbá wa ta aṣọ ní Máṣé Kóńgò, ọjà aṣọ ńlá tó wà ní ìlú Dúálà, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Èmi dúró ti ìyá àgbà níhìn-ín. Ráfíátù ní tirẹ̀, ọ̀hún ni wọ́n bí i sí, ọ̀hún ló ti kàwé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó kà á títí ó fi di dókítà. Kì í ṣe dókítà tí ń gún ni lábẹ́rẹ́ o. Ohun tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń jẹ ló ń wádìí, àti ohun tó fà á tí òmíràn fi ń sanra tí òmíràn sì ń rù. Bó bá ti wádìí tán, á kọ ọ́ sínú àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń kà káàkiri ayé. Ó ti kọ wọ́n pọ̀. Wàyí o, àwọn àgbà yunifásítì rẹ̀ fẹ́ jókòó, kí wọ́n tú gbogbo ohun tó ti kọ wò, kí wọ́n sì sọ bóyá ó tó ẹni tí à ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó pè mí lórí fóònù. "Àǹtí mi, ẹ wá bá mi jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí. Ká ní bàbá wà ni, àwọn ni mi ò bá pè."

Èèyàn kì í gbọ́ irú ìyẹn kó ní òun ń palẹ̀ ilé mọ́. Mo lọ.

Ilé olódi gíga

Dúálà gbóná, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Oòrùn tiwa ń jó ni, ó sì ń gbẹ ni. Ooru tọ̀hún tutù, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ni lára bí aṣọ tí a fọ̀ tí a kò fún. Kí n tó rí àbúrò mi láàrin èrò ní pápákọ̀ òfurufú, ìborùn mi ti rin gbingbin. Ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó ti rù. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo gbé e mì.

Bonapriso ló ń gbé, àdúgbò àwọn tó rí jájẹ. Odi gíga, ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà, igi tó ń yọ òdòdó sórí odi. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ àfi ọdẹ àti èmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pàdé obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí a ti tọ́ mi. Ó rò pé nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ mi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a nílẹ̀!

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Nígbà tó yá, obìnrin náà pè wá sí ilé rẹ̀ lókè. Ó fi wá jókòó sórí àga tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó wá ń ka orúkọ ohun mímu fún mi, pé èwo ni mo fẹ́. Ó ka orúkọ títí. Ráfíátù ń túmọ̀ rẹ̀. Mo yíjú sí i, mo ní, "Ṣé wọ́n kì í fún àlejò lómi kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè níhìn-ín ni? Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló tún máa ronú?"

Ráfíátù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ìbéèrè gan-an ni ìkíni tiwọn."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ fún mi. A ó padà wá mú un.

Ní ti oúnjẹ, n kò rù. Wọ́n ní ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ńdólè. Ewé kíkorò ni, ẹ̀gbọ́n ewúro wa, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí kíkorò rẹ̀ á fi di ìrántí lásán, wọ́n á wá fi ẹ̀pà lílọ̀ àti edé sè é. Wọ́n ń fi mìóńdò jẹ ẹ́, gbágùúdá tí wọ́n wé sínú ewé, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọge. Ọjọ́ kìíní, mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń fi ìyà jẹ. Nígbà tó yá, èmi gan-an ni mò ń bi Ráfíátù pé, "Ńdólè ti lónìí ńkọ́?"

Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lókè, atẹ́gùn òjò á máa fẹ́ sí wa, á kó àwọn ìwé rẹ̀ jáde, á máa túmọ̀ wọn fún mi ní Yorùbá tirẹ̀. Bó bá dé ibi tó le, á ju ọ̀rọ̀ Faransé kan sí i, á sì máa wò mí bíi pé èmi ni kí n wá ìyókù. Mò ń gbọ́ ọ bí ẹní ń gbọ́ ìtàn. Ọ̀kan wà lórí ògì, tí wọ́n ń pè ní bùyí lọ́hùn-ún, pé àwọn ìyá kan ń pò ó ṣàn jù, ikùn ọmọ á kún ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní í rí nǹkan kan gbà. Òmíràn wà lórí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú kí ó tó yẹ nítorí pé ìyá rẹ̀ tún ti lóyún. Ó dé orí ọ̀kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹní ń tẹ́ aṣọ olówó iyebíye.

"Eléyìí ni òpó ilé, Àǹtí. Òun ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí."

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé, nínú gbogbo àwọn obìnrin tí òun àti àwọn ọmọbìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ bi ní ìbéèrè, àwọn obìnrin Yorùbá tó wà ní àdúgbò Nkololoun àti agbègbè rẹ̀ ló ń fún ọmọ ní ọmú nìkan jù, láìfi nǹkan kan kún un, títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́fà. Inú mi dùn. Mo pàtẹ́wọ́.

"Àwọn ìyá wa! Ṣé láìfi nǹkan kan kún un?"

"Láìfi nǹkan kan kún un."

"Omi pàápàá?"

"Omi pàápàá, Àǹtí. Omi ti wà nínú ọmú. Ikùn ọmọ tuntun kò ju àsálà lọ. Bí ẹ bá da omi sí i, níbo ni wàrà máa wọlé sí? Ká má tiẹ̀ sọ ti omi tí kò mọ́."

Mo mi orí. Ó yé mi. Tàbí kí n sọ pé mo rò pé ó yé mi.

Nkololoun

Àlhájà Sífáwù ló wá mú mi. Ẹgbẹ́ bàbá wa ni lọ́jà, òun náà ń ta aṣọ ní Máṣé Kóńgò títí di òní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Màríámù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ní n kò lè wá sí Dúálà kí n jókòó sáàrin odi bí ẹni tí wọ́n sé mọ́lé. Kí n wá bá àwọn títí ọmọ á fi gba orúkọ.

A dúró létí títì. Ẹ wo bí wọ́n ti ń wọ takisí lọ́hùn-ún o. Ọkọ̀ á máa bọ̀, ẹ̀yin á pariwo orúkọ ibi tí ẹ ń lọ àti iye tí ẹ fẹ́ san. Bí dírẹ́bà bá gbà, á fun fèrè. Bí kò bá gbà, á kọjá lọ bí ẹni tí etí rẹ̀ di, kò ní í bú yín, kò ní í bẹ̀ yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n há wa mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ mí rí rí bí orúnkún mi ti ká sí mi láyà, ó bọ́ sílẹ̀, ó fún mi ní àyè rẹ̀ níwájú, ó ní, "Àṣíà, mama." Àlhájà ní ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí ẹ bá kó "ẹ pẹ̀lẹ́" àti "ẹ kú iṣẹ́" pọ̀ sójú kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe àṣíà fún gbogbo ènìyàn, títí kan ọdẹ Bonapriso.

Nkololoun kì í sinmi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún ní iwájú ilé, ẹnìkan ń jó irin, ẹnìkan ń ta ẹja, ilé fi èjìká ti ilé. Níbẹ̀ ni ara mi ti balẹ̀. Kí n tó jókòó, omi ti dé ọwọ́ mi. Èmi àti ife omi náà wo ara wa bí ọ̀rẹ́ tí kò ríra tipẹ́.

"Ẹ kúu… ẹ kú ìrìn, Tàta," Màríámù kí mi láti orí ibùsùn. Tàta ni wọ́n ń pe àǹtí lọ́hùn-ún.

"Ẹ wo Yorùbá ọmọ mi," Àlhájà ní. "Ó dà bí ìrẹsì tí kò jinná."

"Màmá, èmi ń gbìyànjú!"

"Gbìyànjú lọ. A kú ewu ọmọ, Ìyá Kàmọ́rù. Ẹ wá wo àlejò wa."

Ọmọkùnrin ni, ojú rẹ̀ pọ́n bí iyùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni àga kékeré kan wà, lórí àga ni ife irin funfun kan wà, wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ bò ó, ṣíbí kékeré sì wà lórí rẹ̀. Àlhájà ṣí i, ó gbé ṣíbí náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí mọ ohun tí mo ṣe. Ilé wo ní àdúgbò wa ni wọn kì í ti í ṣe é? Mo bu omi, mo kán an sí ọmọ lẹ́nu, mo ní, "Káàbọ̀, àlejò pàtàkì. Omi kò lọ́tàá. Ìwọ náà kò ní í ní ọ̀tá." Ọmọ náà pọ́n ètè lá, a jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá aláṣọ kan láti ọjà wọlé, ó gba ṣíbí, ó kí àlejò. Òmíràn wọlé, ó kí àlejò. Ooru ń mú, èrò ń wọlé, ife ń fà. Ọ̀rẹ́ Àlhájà kan kí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ní èkejì jẹ́ ti ọkọ òun tí kò ráyè wá.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi létí mi, ketekete bíi pé ó wà nínú yàrá: "Omi pàápàá, Àǹtí."

Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí náà ti bu omi fún ọmọ.

"Kí ló ṣe yín?" Àlhájà bi mí. "Ojú yín ti yí padà."

"Ooru ni." Mo jókòó. "Àlhájà, àwọn ọmọbìnrin tí ń bá Ráfíátù ṣiṣẹ́, ǹjẹ́ wọ́n dé ibí rí?"

"Háà! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni? Nígbà tí Màríámù bí ẹ̀gbọ́n eléyìí. Ọmọdébìnrin kan ní, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀.' Nínú ilé mi! Wọ́n ní kí ìyá ọmọ lè sọ òótọ́ láìbẹ̀rù. Mo jáde o. Mo lọ pọn omi."

"Màríámù, kí lo sọ fún wọn?"

"Mo sọ òótọ́, Tàta. Wọ́n ní kí ni mo fún ọmọ lánàá. Mo ní ọmú. Wọ́n ní, omi ńkọ́? Mo ní rárá." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, wọ́n ṣófo. "Èmi kò fún un lómi rí."

"Báwo ni á ṣe fún un?" Àlhájà ní. "Ṣé òun ni onílé ni? Onílé ní í fún àlejò lómi."

Wọn kò parọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sí ẹyọ irọ́ kan nínú ilé náà.

Bùyí

Mo padà sí Bonapriso lọ́jọ́ kejì, mo ní mo fẹ́ mú aṣọ. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ríran, ìyọnu mi nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á ṣí òpó ilé, wọ́n á yìn ín, àbúrò mi á di ọ̀jọ̀gbọ́n, orúkọ bàbá wa á ròkè. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n mo tún ń rí ẹnu ọmọ yẹn, àti bí ó ti yíjú kúrò níbi ọmú nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e sáyà, pé òun ti yó. Àwọn dókítà mìíràn ń ka ohun tí Ráfíátù kọ, wọ́n sì ń sọ pé kò sí ìṣòro ní Nkololoun, ká lọ wo ibòmíràn.

Ráfíátù ti ra púfù-púfù, ẹ̀wà àti bùyí gbígbóná létí títì. Oúnjẹ àárọ̀ wọn nìyẹn, ó sì dùn. Ó ń rọ̀ mí pé kí n jẹun. Èmi kò mọ bí a ti ń ju òkò lu ènìyàn, ìtàn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè.

"Ráfíátù, bí àlejò bá wọ ilé Àlhájà, kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún un?"

"Omi." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún fẹ́ bú aládùúgbò mi?"

"Ta ní ń fún un?"

"Onílé. Àlhájà."

"Bí o bá bi àlejò náà lọ́jọ́ kejì pé kí ló jẹ nílé Àlhájà, ṣé á ka omi náà mọ́ ọn?"

"Rárá. Ìkíni ni." Ó bu bùyí.

"Ọmọ tuntun tó ti ọ̀run dé, kí là ń pè é?"

Ṣíbí rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó wò mí. Ó rọra gbé e padà sínú àwo, ó sì ti àwo náà síwájú.

"Ẹ dúró," ó ní. "Ẹ dúró, Àǹtí. A bi àwọn ìyá ọmọ."

"Wọ́n sì sọ òótọ́."

"A ní kí àwọn ìyá àgbà bọ́ síta."

"Wọ́n sì bọ́ síta."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.  Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òjò Dúálà tí kì í kéde, ńṣe ló kàn ń dà.

"Ilé mi wó," ó ní. "Àǹtí, ilé mi ti wó. Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Ìwọ, èmi, àti gbogbo obìnrin Nkololoun."

Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo jẹ́ kó sunkún. Bí a bá ń sunkún, a ó máa ríran. Nígbà tó nu ojú tán, kò bi mí pé báwo ni òun á ti ṣe é. Ó bi mí pé, "Ọmọ Màríámù ńkọ́? Ṣé ó ń mu ọmú dáadáa?" Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé n kò ṣe àṣìṣe.

Ìnájà

Ó pa iṣẹ́ tì lọ́jọ́ náà, ó tẹ̀lé mi. Nígbà tí Àlhájà rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde kíá.

"Dókítà wa! Ṣé kí n bọ́ síta ni?"

Ráfíátù kúnlẹ̀ sórí ẹní. "Ẹ má bínú, Màmá. Lónìí, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá."

"Dìde, dìde, mo ń bá ẹ ṣeré ni. Gba omi."

Ó mu omi rẹ̀ tán kó tó sọ ohunkóhun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: ta ní ń kí ọmọ, ìgbà mélòó, títí di ìgbà wo? Àwọn ìyá ọjà péjọ, wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, kò sẹ́ni tí a lé jáde. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí omi ń ṣe fún wọn. Ó gbé àsálà kan dání, ó fi hàn wọ́n bí ikùn ọmọ ti mọ. Ó ní ṣíbí kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ṣíbí gbogbo Máṣé Kóńgò ni ọmọ náà ń mu.

 Àlhájà káwọ́ mọ́ àyà.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n, Ráfíátù, kí àlejò wọlé mi kí n má kí i? Kí wọ́n ní Sífáwù ya ahun sí ọmọ ọmọ rẹ̀? Ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí."

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé á ti tún ọ̀rọ̀ àsálà sọ lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ohùn òkè. Àbúrò mi tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Màmá, bí oníbàárà bá pọn ọmọ wá sọ́jà, tí ẹ sì fún ọmọ náà lẹ́bùn aṣọ, ta ní ń gbà á?"

"Ìyá rẹ̀ ni. Ṣé ọmọ tó wà lẹ́yìn lè na ọwọ́ ni?"

"Bí ìyá rẹ̀ bá gbà á, ṣé ẹ ti fún ọmọ àbí ẹ kò tíì fún un?"

"Mo ti fún un."

"Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá a gba omi náà. Òun ni yóò mu ún. Á di wàrà, á sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ kí."

Àlhájà wò ó, ó wo ife, ó wo ọmọ. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọmọ ọlọ́jà ni ẹ́ lóòótọ́. O ti ná mi, mo ti tà."

"Màmá!" Màríámù ké láti orí ibùsùn. "Láti àárọ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ èmi! Gbogbo yín ń fún bébé lómi, kò sí ẹnì kan tó fún mi!"

Gbogbo yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Àlhájà bu ife kún, ó gbé e fún un, ó ní, "Káàbọ̀, àlejò pàtàkì." Màríámù gbé e sẹ́nu, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ àfi ìgbà tó rí ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ife tó mu kò ṣeé kà. Ó ní bí ọmọ náà kò bá sanra, òun á sanra.

Lábẹ́ igi máńgòrò

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣì ń dúró de Ráfíátù. Ó kọ̀wé sí ìwé àtìgbàdégbà tó gbé òpó ilé rẹ̀ jáde, ó sọ ohun tí òun kò bèèrè àti ẹni tí òun kò bi, ó ní kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́ bó ti wà. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ sórí gbogbo ìwé rẹ̀, lókè pátápátá, kí ó lè jẹ́ òun ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ní kó fi í sí ìsàlẹ̀. Ó ní rárá.

Lọ́jọ́ tí àwọn àgbà pè é, èmi àti Àlhájà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà yunifásítì. Àlhájà ti wọ léèsì, ó gbé fíláàsì omi dání. Kò kúkú mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn ju pé wọ́n ń bi ọmọ wa ní ìbéèrè.

"Ṣé wọ́n fún un lómi kí wọ́n tó máa bi í?" ó ní.

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi wà lórí ilẹ̀kùn yẹn. Mo ń rò ó pé ẹnu mi ni, ẹnu mi tó ń sọ ìtàn ni, òun ló tú ilé ọmọ bàbá mi ká. Òjò rọ̀, ó dá, oòrùn yọ, ilẹ̀ ń yọ èéfín.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó ń bọ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí omi ilẹ̀, n kò sì lè ka ojú rẹ̀.

"Wọ́n yọ òpó náà," ó ní. "Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Mo sún mọ́ ọn. "Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wá ń ṣí àwọn yòókù. Ti bùyí, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Ti ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú. Wọ́n ń gbá a, wọ́n ń tì í, wọ́n ń mi í wò." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ilé kò wó. Wọ́n ti gbà. Ilé kò wó!"

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Mo ń sọ pé Alihamudulilai, n kò sì lè sọ nǹkan mìíràn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ fún ni lórí, tí ọrùn ń wá ibi tí yóò yà sí. Àlhájà ń wo èmi, ó ń wo Ráfíátù.

"Ilé ta ló fẹ́ wó? Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi!" Ó ṣí fíláàsì. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, gba omi."

Ráfíátù mu ún. Lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ jẹun yó láti ìgbà tí mo ti dé. Ńdólè ni, ó sì gba ẹja inú àwo mi.

Nílé

Ó ti ń palẹ̀ mọ́ láti tún lọ káàkiri Nkololoun nígbà tí mo ń bọ̀. Ìbéèrè mìíràn ló fẹ́ fi ṣáájú báyìí: ta ló ń kí àlejò nínú ilé yìí? Nígbà tí mo lọ dágbére fún Àlhájà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti yọ. Màríámù náà ti ń sanra bí ó ti wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀hún ti rí o. Ẹ ti mọ̀ pé ìyàwó Kàmọ́rù wà nínú oṣù rẹ̀. Mo ti fọ ife náà, ó wà lórí àga. Bí àlejò wa bá dé, ẹ má ṣe jókòó sílé yín, ẹ wá kí i, ẹ wá ṣe àdúà fún un. Ẹ bu omi náà kún dáadáa. Kí ẹ sì gbé e fún ìyá rẹ̀.